Ọmọkùnrin Keje Nílé Sinforosa

Ohùn rẹ̀ ni Zunilda kọ́kọ́ fẹ́ràn, kó tó rí ojú rẹ̀ rárá, inú ilẹ̀ sì ni ohùn ọ̀hún ti ń wá. Mo mọ̀ pé kò dún létí dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Èmi Deolinda tí mò ń sọ ọ́ yìí, èmi ni mo gbẹ̀bí àwọn méjèèjì, èmi náà ni mo sì ṣe alárinà wọn. Ohun tí mi ò fi ojú mi rí níbẹ̀, ẹni tó rí i ló sọ ọ́ fún mi.

Lọ́dún náà òjò kọ̀ láti rọ̀ sí Arroyo Morotí. Kànga ẹ̀yìnkùlé Fulgencia, ìyá Zunilda, tí a ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Ña Fulgencia, gbẹ débi pé ẹrẹ̀ pupa ni garawa ń gbé bọ̀. Opó ni Fulgencia, ọmọ kan ṣoṣo ló bí tó yè, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ránṣẹ́ sí Silverio, àkọ́bí ilé Sinforosa lódìkejì odò, pé kó wá gbẹ́ kànga tuntun fún òun. Iṣẹ́ ilé wọn ni. Ọmọkùnrin méje ni Sinforosa olóògbé fi sílẹ̀, kò sí obìnrin kan láàárín wọn.

Fulgencia ní, "Ẹni tó bá wù ọ́ ni kí o mú wá nínú àwọn àbúrò rẹ. Àfi èyí àbíkẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kí Eladio fi ẹsẹ̀ tẹ àgbàlá mi."

Silverio wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Crispín ni màá mú wá, Ña Fulgencia."

Lọ́dọ̀ wa, ọmọkùnrin keje tí wọ́n bí léra láìsí obìnrin láàárín, luisón ni. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, tí oòrùn bá ti wọ̀, á di ajá ńlá, á sì forí lé itẹ́ òkú. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọdé, ọmọdé kàn máa ń mọ̀ ọ́n ni. Ọ̀nà kan tí wọ́n ní a lè gbà dá a dúró ni kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ṣe bàbá ìsàmì rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Silverio nígbà tó gbé Eladio dé ibi omi ìsàmì. Wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà pé ó ṣiṣẹ́. Eladio rù, wọ́n ní ẹ ò rí i? Ó funfun nítorí pé inú kànga ló ń gbé láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n ní ẹ wo bí òkú ṣe ń funfun. Ajá kì í gbó mọ́ ọn, nítorí pé ó máa ń fún wọn ní oúnjẹ. Àwọn ará abúlé ní ajá mọ ẹbí rẹ̀.

Òun náà ló sì mọ iṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Nítorí náà, òun ni Silverio mú wá ní orúkọ Crispín. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni wọ́n máa ń dé, ó fi fìlà bo ojú, ó bọ́ sínú ihò, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ mọ bí ọ̀sán ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Tí oòrùn bá ti dúró sí àárín orí, gbogbo ilẹ̀kùn á tì, gbogbo ènìyàn á sùn, títí kan adìẹ. Ìgbóná á máa dún létí. Ọ̀sán tiwa máa ń dẹ́rù bani ju òru lọ, nítorí pé èèyàn ń rí gbogbo nǹkan kedere, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Silverio á lọ sùn sábẹ́ igi máńgòrò. Eladio kì í jáde, ó ní inú ilẹ̀ tutù. Zunilda náà kì í sùn. Ó máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sára aṣọ tí àwọn oníṣòwò ń wá kó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó fi garawa sọ oúnjẹ kalẹ̀ sínú ihò náà. Ó dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Crispín! Ṣé o ti kú síbẹ̀ ni?"

"Mi ò tíì kú," ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, ó rọra ń gòkè bọ̀ bíi pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tún fi irú gbágùúdá àná ránṣẹ́, èmi náà ò ní pẹ́ mọ́."

"Ìyá mi ló sè é o!"

"Áà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó dùn. Eyín mi kan ṣoṣo ló kán."

Zunilda fi ọwọ́ bo ẹnu kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́ ẹ̀rín. Ó dùbúlẹ̀ sétí ihò náà. "Kí lo ń rí níbẹ̀?"

"Ojú ọ̀run. Ó kéré bí àwo ọbẹ̀. Nígbà míì orí kan á yọ sí i."

"Orí ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ni mo ń rí i. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀."

"Èmi náà, òkùnkùn ni mò ń rí."

"A ṣe déédéé nìyẹn," ni ohùn náà wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ báyẹn, lójoojúmọ́, nígbà tí abúlé bá sùn. Eladio sọ fún un bí ilẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ padà, pupa, lẹ́yìn náà òféfèé, lẹ́yìn náà èyí tó ń rùn bí irin. Zunilda náà sọ fún un pé òun ò fẹ́ dàgbà di irú ìyá òun, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ìgbàkígbà tí Eladio bá fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ gidi, á tún padà sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí omi yọ, ó jáde, ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó jẹ́. Omi náà mọ́, ó sì pọ̀. Fulgencia mu ún, ó mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, bí ọmọ ṣe ń ṣe níwájú àgbà lọ́dọ̀ wa, ó béèrè ìbùkún.

Fulgencia gbé ọwọ́ sókè, ó ya àgbélébùú sí i lórí. "Kí Ọlọ́run bùkún fún ọ, Crispín ọmọ mi."

Ọkùnrin náà ò gbéra. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ forí jì mí, Ña Fulgencia. Eladio ni mí."

Zunilda ní òun gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ara garawa. Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó wo ọwọ́ tó fi súre yẹn, ó sì nù ún sára aṣọ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn ọwọ́, bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Nicanor àbúrò rẹ̀, ẹni tó ní ìbọn, pé kó mú pákó àti ìṣó wá. Wọ́n kan kànga tuntun náà pa. Láti ọjọ́ náà, tìyátọmọ ń rìn lọ sódò láàárọ̀ lọ pọn omi ẹlẹ́rẹ̀, nígbà tí omi tútù ń dún lábẹ́ pákó lẹ́yìn ilé wọn.

Oṣù méjì kọjá kí Zunilda tó yọ́ wá bá mi. Ó ti rù. Mo po ewé mímu mọ́ omi tútù nínú ìwo màlúù, bí a ṣe ń ṣe àlejò, mo gbé e fún un. Kò mu.

"Ña Deolinda, mo rí nǹkan kan."

"Kí lo rí?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sùn. Mò ń fabẹ́rẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewé kan ò mì. Mo gbójú sókè, ajá kan dúró lórí pákó kànga. Ó tóbi, ó rù, ó funfun bí eérú. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí ni. Ajá tiwa méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ mi, ojú wọn là, wọn ò gbó."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo pe orúkọ rẹ̀."

"Orúkọ ta ni?"

"Ti Eladio. Ó bọ́ sí mi lẹ́nu ni. Ajá náà sì gbé etí sókè. Mo wo abẹ́rẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí mo fi máa wò padà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ wo pákó yẹn. Ẹrẹ̀ wà lórí rẹ̀, Ña Deolinda. Ẹrẹ̀ tútù. Níbo lẹrẹ̀ tútù ti wá nínú ọ̀dá yìí?"

Mo fẹ́ sọ pé ajá lásán kan láti etí odò ni, ṣùgbọ́n òun ló tètè sọ̀rọ̀.

"Ajá yẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí," ó ní. "Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ pè é."

Mo ránṣẹ́ sí Eladio. Ilé mi ni wọ́n ti pàdé, lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀kùn tì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wo ojú ara wọn pẹ́ nìyẹn, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n máa fi ojú ọ̀hún ṣe. Zunilda ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Ṣé ìwọ ni?"

Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó ní, "Wọ́n ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ní ilé ìwé, wọ́n á ní kí n la ẹnu kí àwọn wo eyín mi. Tí àgùntàn ẹnìkan bá kú, wọ́n á béèrè ibi tí mo sùn." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi. Tí mo bá jí láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, abẹ́ èékánná mi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá ilẹ̀ wà níbẹ̀. Mò ń gbẹ́ kànga, Zunilda. Ilẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Zunilda yọ abẹ́rẹ́ láti àyà aṣọ rẹ̀, ó fa ọwọ́ Eladio sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú abẹ́rẹ́ yọ ilẹ̀ abẹ́ èékánná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkan, títí ó fi pé mẹ́wàá. Mo kọjú sógiri.

Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn. Mo lọ bá Fulgencia. Kò jẹ́ kí n jókòó tán.

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí Sinforosa, àbí ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ kà wọ́n. Ẹ fi Wúńdíá Màríà búra fún mi pé kì í ṣe ẹni keje, màá ṣí kànga náà lónìí, màá sì fún un lọ́mọ mi."

Mo dìde, mo ní mò ń bọ̀. Ọ̀nà ilé mi kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́sẹ̀ mi lọ́jọ́ náà, nítorí pé mo lè búra.

Lẹ́yìn tí Sinforosa bí ẹnìkẹta, oyún kẹrin bọ́ lára rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó bí. Lọ́sẹ̀ kan náà, ọ̀dọ́mọbìnrin àlejò kan tó sá kúrò nílé bàbá rẹ̀ kú sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Mo gbé ọmọ náà sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e lọ fún Sinforosa tí ọmú rẹ̀ ti kún fún wàrà. Ọmọ náà ni Crispín. Àwa méjì la mọ̀. Nítorí náà ẹni kẹfà ni Eladio. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta sí Eladio lójú ọ̀nà, mo sọ fún Sinforosa pé kó la ẹnu. Ó ní, "Tí mo bá yọ ọ̀kan síta kí n lè mú ìkan wọlé, ojú wo ni màá fi máa wo àwọn méjèèjì?" Kó tó kú, Eladio nìkan ló sọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo sọ fún Eladio pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù láàárín òun àti Zunilda, ó mi orí.

"Crispín ló gbé ìyá wa léjìká dé itẹ́, Ña Deolinda. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Ṣé kí ẹ lọ sọ fún un pé kì í ṣe ìyá rẹ̀, kí èmi lè rí aya fẹ́?"

"Òótọ́ ni, Eladio."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró níwájú wọn tí mo ní ẹni kẹfà ni mí, mo ti gbà fún wọn nìyẹn pé ẹranko ni ẹni keje. Wọ́n á bí ẹni keje míì nílé míì. Òun ń kọ́?"

Mo padà lọ bá Fulgencia, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá tọrọ Zunilda.

Fulgencia mú ọjọ́ Ẹtì fún ìtọrọ ìyàwó, ọ̀sán gangan. Ó fẹ́ dán an wò bóyá á láyà láti wá lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ náà, bí a ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà, èmi, Silverio, Crispín àti Eladio, mo rí i bí àwọn fèrèsé ṣe ń padé níwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ariwo, bí ojú ẹni tó ń sùn lọ. Ajá mẹ́rin tẹ̀lé wa, wọn ò gbó. Nicanor ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbọn lórí itan. Ọta kan ló wà nínú rẹ̀, ó ti fi ọ̀bẹ ya àgbélébùú sí i, fáda sì ti wọ́n omi mímọ́ sí i.

Crispín, tó fẹ́ràn àwàdà, gbé agbọ̀n chipa, búrẹ́dì kéékèèké ilẹ̀ wa, kalẹ̀. "Ña Fulgencia, mo gbọ́ pé mo gbẹ́ kànga fún yín. Mi ò rántí o, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo ṣe é dáadáa."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Zunilda nìkan ló rọra fi ẹnu rẹ́rìn-ín.

"Ña Deolinda," Fulgencia ní, "ẹ dáhùn níwájú gbogbo wa. Ẹni kelòó ni?"

Mo la ẹnu. Mo wo Crispín, tó ń fi ọwọ́ nu ìyẹ̀fun kúrò lára chipa kí ó lè mú èyí tó dáa jù fún Nicanor. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ sọ ọ́.

"Èmi ni ẹni keje," Eladio wí. "Ẹ má da Ña Deolinda láàmú."

Nicanor gbé ìbọn. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹnu ìbọn ọ̀hún ń yí kiri. Zunilda gbé àga rẹ̀, ó gbé e síwájú Eladio gan-an, ó jókòó, ó sì mú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra, Tío Nicanor," ó wí fún àbúrò ìyá rẹ̀. "Tí ẹ bá yìn ín, ẹ̀yin lẹ ó máa lọ pọnmi lódò fún ẹ̀gbọ́n yín."

Nicanor wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fulgencia ń wo ọmọ rẹ̀.

"Àgbàlá mi lẹ ó máa gbé, níbi tí ojú mi á ti tó o. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí oòrùn bá ń wọ̀, Eladio á wọnú abà àgbàdo. Èmi ni màá fi àgádágodo tì í láti ìta. Èmi ni màá ṣí i tí ilẹ̀ bá mọ́."

"Mi ò gbà," Zunilda ní.

"Mo gbà," Eladio ní. Ó rọ ohùn sílẹ̀, Zunilda nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. "Jẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́bẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀."

Ìgbéyàwó náà ò ju nǹkan lọ. Fáda ń yára bí ẹni tí nǹkan ń jó lórí iná nílé. Èmi àti Silverio la dúró tì wọ́n, àwọn ìjókòó ìyókù sì ṣófo. Ọjọ́rú ni. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Eladio mú kúbùsù, ó wọ abà lọ. Fulgencia na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Zunilda gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rí tirẹ̀ lábẹ́ apá, ó wọlé, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí òkìtì àgbàdo.

"Jáde níbẹ̀, Zunilda."

"Ẹ tì í, Màmá."

"Mo ní kí o jáde!"

"Ilé ọkọ mi ni mo wà. Ẹ tì í."

Mo rí ọwọ́ Fulgencia lórí irin yẹn. Mo rò pé kò ní lè ṣe é. Ó tì í.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti padà débẹ̀. Abúlé ṣì tì pa. Ìkùukùu bo ilẹ̀ dé orúnkún. Fulgencia jókòó lórí àpótí níwájú abà, kọ́kọ́rọ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀, ìrì ti rin aṣọ èjìká rẹ̀ gbindin. Kò tíì fi ẹ̀yìn kan ibùsùn. Kò sí ìró kankan láti inú abà.

"Kí lẹ gbọ́, Fulgencia?"

Kò wò mí. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ lásán. Eladio bi í bóyá òtútù ń mú un. Ó fún un ní kúbùsù. Ọmọ mi ní àgbàdo ń gún òun, ló bá rẹ́rìn-ín, ni òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ èémí méjì. Mo gbé etí lé pákó, mò ń retí kí ọ̀kan yí padà. Kò yí padà. Bákan náà ló ṣe títí di ìsinsìnyí."

Èmi ni mo wẹ ẹ̀jẹ̀ lára obìnrin yìí nígbà méjì tí oyún wálẹ̀ lára rẹ̀, èmi ni mo sì rí àpá bàtà ọkọ rẹ̀ lára rẹ̀, níbi tó ti ta á nípàá. Ọkùnrin rere ni gbogbo Arroyo Morotí ń pe ọkùnrin náà. Òun ló máa ń gbé àsíá ìjọ lọ́jọ́ àjọ̀dún.

"Ọjọ́ Ẹtì ni ti bàbá Zunilda náà, ẹ rántí," Fulgencia wí. "Tó bá ti gba owó ọ̀sẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibi igi ọsàn, màá gbé ọmọ sábẹ́ ibùsùn."

Ó dìde. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àgádágodo, mo sì bá a yí i.

"Ẹni kẹta ni ọkọ mi nílé wọn, Ña Deolinda," ó ní. "Ẹni kẹta péré. Kò sẹ́ni tó bá mi tì í mọ́lé rí."